Lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì: Ìbò Ọjọ́bọ̀

Oswestry, Shropshire
Ọjọ́ Àìkú, 12 Oṣù Kejìlá, 2021

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Báwo ni àwọn ọmọ? Ṣé Táíwò ti ń jẹun dáadáa? Àwa náà dúpẹ́. Bàbá Tóbi ti yege ìdánwò mọ́tò wíwà, eyín iwájú Tóbi méjì ti yọ, òtútù sì ń mú wa dé egungun.

Mi ò lè wálé fún Kérésì mọ́. Láti ọjọ́ Ajé tó kọjá ni wọ́n ti fi Nàìjíríà sínú ìwé pupa nítorí Kòrónà tuntun tí wọ́n ń pè ní Omicron. Ẹni tó bá ti ilé dé, inú òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n máa tì í mọ́ fún òru mọ́kànlá, £2,285 ló sì máa ti àpò ara rẹ̀ san. Mo ti ra bàtà Màmá mi. Àpótí wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá, òun ni ojú mi kọ́kọ́ ń rí tí mo bá jí.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ti ìbò fún ọ, torí kò jẹ́ kí n sùn. Lọ́jọ́bọ̀ yìí, èmi ọ̀rẹ́ rẹ máa dìbò nílùú òyìnbó! Páásì Nàìjíríà mi náà ni o. Ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ bá pé lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò sílé aṣòfin wọn. Wọ́n ti fi káàdì ránṣẹ́ sílé, wọn ò sì ṣi orúkọ mi kọ. Wọn kì í tẹ̀ka níbí, pẹ́ńsù ni wọ́n fi ń sàmì sí iwájú orúkọ. Nítorí àrùn yìí, wọ́n ní ká mú tiwa wá láti ilé. Mo ti gbẹ́ ọ̀kan nínú ti Tóbi sínú báàgì mi.

Owen Paterson, tó ń ṣojú àgbègbè yìí láti 1997, ló kọ̀wé fipò sílẹ̀ lóṣù tó kọjá. Ilé iṣẹ́ méjì ló ń sanwó fún un, òun náà sì ń bá wọn ṣe alágbàwí lọ́dọ̀ ìjọba. Ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin ní kó lọ rọ́kún nílé fún 30 ọjọ́, ẹgbẹ́ rẹ̀, Conservative, fẹ́ yí ìlànà padà kí wọ́n lè gbà á sílẹ̀, ariwo ta, ló bá lọ. Ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀ la fẹ́ dìbò yàn.

Conservative ló ni ibí láti ayé baba ńlá wọn. Ní 2019, ìbò 35,444 ni Paterson ní. Labour ní 12,495. Liberal Democrat, àwọn aláwọ̀ ọsàn, ní 5,643 péré, wọ́n sì ṣe ẹ̀kẹta. Àwọn ẹ̀kẹta yìí ni gbogbo ẹnu ń sọ báyìí pé wọ́n lè wọlé, Helen Morgan tó díje nígbà yẹn náà ló tún ń díje. Pátákó wọn ti gba iwájú ilé lọ ní àdúgbò wa.

O rántí ìbò gómìnà Ọ̀yọ́ tiwa ní 2019, nígbà tí Lanlẹ́hìn ti ADC, Sharafadeen Alli ti ZLP àti Ayọ̀rìndé ti SDP fà sẹ́yìn fún Ṣèyí Mákindé? Ṣebí àwa méjèèjì la jọ tò nínú oòrùn yẹn, lọ́jọ́ káńsẹ́lọ̀ onírẹsì. Níbí, ẹgbẹ́ kankan ò fà sẹ́yìn fún ẹnikẹ́ni, olùdíje mẹ́rìnlá ló wà lórí ìwé. Àwọn olùdìbò fúnra wọn ló ń bá ara wọn ṣàdéhùn, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, níbi tí wọ́n ti ń mú ajá rìn.

Síbẹ̀, ṣírò rẹ̀ wò. Tí gbogbo ìbò Labour ti 2019 bá lọ sọ́dọ̀ àwọn aláwọ̀ ọsàn, tí o ro tiwọn mọ́ ọn, 18,138 ni. Kò tó rárá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún Bàbá Tóbi pé àwọn tó máa jókòó sílé ló máa dá ẹjọ́ yìí. Bàbá àgbẹ̀ kan wà tó ń gbé ẹyin wá fún wa níbi iṣẹ́, nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń dìbò, Conservative ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́bọ̀ yìí, màlúù òun lòun máa tọ́jú. Lóṣù Kẹfà, ní Chesham àti Amersham, àgbègbè ìdìbò mìíràn, ìbò 16,223 ni Conservative fi ń borí tẹ́lẹ̀, aláwọ̀ ọsàn sì fi 8,028 gbà á lọ́wọ́ wọn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, fídíò kan tún jáde, àwọn òṣìṣẹ́ olórí ìjọba ń fi ọ̀rọ̀ pátì Kérésì ọdún tó kọjá, tí òfin Kòrónà kò fàyè gbà, rẹ́rìn-ín. Kérésì yẹn, èmi ni mo di fóònù mú sí etí bàbá kan kí ọmọ rẹ̀ lè dágbére fún un. Nígbà tí a wo fídíò náà ní ibi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. A kan ń ká aṣọ lọ.

Ohun tó mú mi gan-an ni ti áńbúláǹsì. Wọ́n ti ti ibùdó tó wà ní Oswestry níbí pa, àti ti Market Drayton. Lóṣù tó kọjá, màmá kan, ẹni ọdún 86, ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ láago méjì ọ̀sán. Ìbàdí ni, wọ́n ní a ò gbọdọ̀ gbé e. A fi dùfẹ́ẹ̀tì bò ó, mo jókòó tì í nílẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti bọ́, mo ń fi ọwọ́ pa á kó lè gbóná. Ó di ìka mi méjì mú, ó ń béèrè aago ṣáá. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́ fún un. Aago méje lù, mo ní márùn-ún ni. Áńbúláǹsì dé láago mọ́kànlá òru. Àwọn ọmọ tó gbé e náà ti rẹ̀, wọ́n ní mọ́tò ló tò sẹ́nu ọ̀nà ọsibítù torí kò sí bẹ́ẹ̀dì. Mi ò lè bínú sí wọn.

Morgan ń sọ̀rọ̀ áńbúláǹsì yìí níbi gbogbo, òun ni mo máa dìbò fún. Mo gbà pé ó máa wọlé.

Ìyá Ìbejì, nílẹ̀ tí mo jókòó sí lọ́jọ́ yẹn, Màmá mi ni mo ń rò. Tí mo bá pè é, á ní kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ọmọ àbúrò mi jẹ́ kó bọ́ lẹ́nu pé ẹsẹ̀ Màmá wú, àti pé wọn ò wọ bàtà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. O mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára wọn. Jọ̀ọ́, yà sí Òkè-Bọ́là lọ́sẹ̀ yìí, má sọ pé èmi ni mo rán ẹ. Sọ pé ẹ̀wà wọn lo wá jẹ. Wo ẹsẹ̀ náà fúnra rẹ. Tó bá wú lóòótọ́, mú wọn lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an, mo ti fi owó sí àkáǹtì rẹ. Wọ́n á ṣagídí, ṣùgbọ́n wọn kì í lè kọ̀ fún ọ.

Ya fọ́tò ẹsẹ̀ méjèèjì fún mi, kí n lè fi wé ara wọn.

Èmi ni tìrẹ,
Ìyá Tóbi