Àǹtí Síkírá, ibi tí owó èésú yín wọlé sí rèé

Ẹ̀yìn ọjà Ọdún Adé,
Kókà, Orílé-Ìgànmú,
Èkó.
Ọjọ́ 17, oṣù kẹjọ, 2025.

Àǹtí Síkírá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ẹ bá mi kí Ìyá, ẹ bá mi kí Bàbá Fàtímọ́, kí ẹ sì bá mi fọwọ́ pa Fàtímọ́ ọmọ mi lórí. Mo mọ̀ pé ẹ ó ní kí ló dé tí mò ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Tí mo bá pè yín, orí sípíkà lẹ máa ń fi mí sí, gbogbo ojúlé á sì bá wa dá sí i. Ọ̀rọ̀ owó ni mo fẹ́ sọ, mi ò sì fẹ́ kí Ìyá Rábì tó wà ní yàrá kejì bá wa ṣírò rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí èésú kàn yín, tí ẹ kó ₦450,000 lé mi lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ sọ: “Wá ibi tó dáa, má lọ gbé inú ẹrẹ̀ o.” Oṣù mẹ́ta ni mo fi wá ilé. Mo ti rí i. Kì í ṣe Áílàǹdì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ ka lẹ́tà yìí tán kí ẹ tó sọ fún Ìyá, torí mo gbọ́ pé wọ́n ti sọ ní àsàlátù pé Áílàǹdì ni ọmọ àwọn ń gbé báyìí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti Áílàǹdì náà, kó má lọ dà bíi pé mi ò gbìyànjú. Victoria Island ni ọ́fíìsì wa wà, èèyàn ń rí ọ̀sà láti ojú fèrèsé ibi tí a ti ń jẹun. Mo bi mẹ́gáàdì ilé kan lẹ́yìn wa níbẹ̀ pé èélòó ni wọ́n ń gba yàrá. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní dọ́là ni wọ́n ń gbà. Mo dúpẹ́, mo kọjá. Ní Lẹ́kí Fésì Wáǹ, àgéńtì dá ₦4,000,000 lé yàrá kan àti pálọ̀, ó sì sọ ọ́ bí ẹni ń pe owó tòmátò. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ òun náà.

Bọ́ọ̀sì tí mò ń wọ̀ nígbà yẹn máa ń gba ẹ̀gbẹ́ Onírù kọjá, níbi tí àwọn ilé gíga pọ̀ sí rẹpẹtẹ. Àdúgbò Màrókò ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi nípa Bàbá Mùtíù tó kó ẹrù dé sí Ìkìrun ní oṣù keje 1990, lẹ́yìn tí ìjọba ológun fún wọn ní ọjọ́ méje péré kí kátapílà tó dé, tó sì fi férémù bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sábẹ́ igi ọsàn wa fún ọdún mẹ́ta kó tó gbà pé òun ò padà mọ́. Mi ò rí férémù náà rí, ọmọ ọwọ́ ni mí nígbà náà, ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ tí a bá ti débẹ̀ ni mò ń rí i.

Ìsàlẹ̀ Èkó ni ọkàn mi kọ́kọ́ lọ sí. Èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé Márínà, Yorùbá ni wọ́n ń sọ ní kọ̀rọ̀ gbogbo, ìyá ẹlẹ́kọ sì ń kọjá láàárọ̀ bíi tilé wa. Mo rí yàrá kan lẹ́yìn Ìdúmọ̀tà tí owó rẹ̀ ò le. Àkàsọ̀ pákó ni wọ́n ń gbà dé òkè, bí mo ṣe ń gun ún ló ń kérora. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ ni mo wá rí i pé ìjọba ti fi ọ̀dà pupa kọ X sára ògiri ìta. Àgéńtì ní ó ti pẹ́, pé onílé ti lọ bá wọn yanjú rẹ̀. Mo rántí ilé ìwé tó wó lulẹ̀ mọ́ àwọn ọmọdé ní Ìta Fàájì lóṣù kẹta 2019, bí ẹ ṣe jókòó ti tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ yẹn tí ẹ ò lè jẹun. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ni mo fi sáré kúrò níbẹ̀.

Àjáh ló fẹ́ mú mi, ká sọ tòótọ́. Ilé tuntun, ọ̀dà funfun, táìsì ń dán, ₦1,200,000 lọ́dún. Mo ti ń to bẹ́ẹ̀dì sí i lọ́kàn mi. Kọ́tìnì kan ṣoṣo ló wà nínú ilé náà, ó gùn délẹ̀, mo sì rí i pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni àgéńtì ń dúró sí nígbà gbogbo. Mo ní kó bá mi sún díẹ̀. Mo ká kọ́tìnì náà sókè. Ọ̀dà ti wú lẹ́yìn rẹ̀ bí ara ẹni tí omi gbóná jó, ìlà kan sì fà lára ògiri láti igun dé igun, tó rí gẹ́lẹ́ bí ìlà tí tíì máa ń fi sílẹ̀ nínú kọ́ọ̀bù. Mo lọ dúró tì í. Orúnkún mi ló bá dọ́gba. Àgéńtì ní páìpù ló jò, pé wọ́n ti tún un ṣe. Mo ní páìpù wo ló ń jò yí gbogbo ilé ká, tí kò sì ga jura lọ níbì kan? Ó ní, “Àǹtí, ẹ ti ń wo nǹkan jù.”

Mo já omi ẹ̀rọ sínú ike funfun. Ó mọ́ bí ó ṣe ń jáde. A lọ wo ẹ̀yìnkùlé, nígbà tí a fi máa padà dé, ó ti pọ́n bí omi tí wọ́n fi fọ àdá tó dógùn-ún. Òṣìṣẹ́ wa kan tó ń gbé lápá ibẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni omi tàwọn náà rí, omi inú ọ̀rá làwọn fi ń se ọbẹ̀. Àbàtà ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ yẹn, yanrìn ni wọ́n rọ́ dí i kí wọ́n tó kọ́lé lé e. Ọ̀sà wà lápá kan, òkun wà lápá kejì. Tí òjò bá rọ̀, omi ò mọ ibi tí yóò gbà, ló bá yà sílé àwọn èèyàn. Lọ́jọ́ tí omi ò sì yà, gbogbo ayé ló jọ ń tò lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀. Inú ẹrẹ̀ tí ẹ ní n má lọ gbé, ₦1,200,000 ni wọ́n ń tà á níbẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Bọ̀dá Lásísì ní Ìkòròdú ni mo wà ní gbogbo àsìkò yìí. Ọlọ́run á bá mi san án fún wọn, ìyàwó wọn ń bo oúnjẹ dè mí títí ilẹ̀ fi ń ṣú dudu. Ṣùgbọ́n agogo mẹ́rin ìdájí ni mò ń jí. Ìlà bọ́ọ̀sì BRT tí a ń tò gùn ju ti bánkì lọ ní 2023 tí náírà wọ́n. Nígbà tí a bá fi máa bọ́ sórí afárá Third Mainland, kìlómítà 11.8 tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ orí omi ni gbogbo rẹ̀, oòrùn á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yọ, èéfín á máa rú lókè Mákòkó, gbogbo èrò inú ọkọ̀ á sì ti sùn. Ó rẹwà o. Ìgbà mélòó kan ni mo rí i, ọjọ́ yòókù, èmi náà wà lára àwọn tó sùn. Ọkọ̀ ojú omi wà láti Ìpakòdó, ṣùgbọ́n ẹ mọ èmi àti omi.

Mo ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn ìwé: wákàtí mẹ́fà lóòjọ́, 30 lọ́sẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ sanwó fún mi, wákàtí 40 ni. Ọ̀gá wa kan kọ́lé sí Ìbàfò, ilé ara rẹ̀, kò sí onílé tó ń dà á láàmú. Láti ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́bọ̀, orí àga ọ́fíìsì ló ń sùn. Òru mẹ́ta péré lọ́sẹ̀ ló ń lò nínú ilé tó fi gbogbo owó rẹ̀ kọ́. Ìgbà yẹn ni mo jáwọ́ nínú bíbéèrè pé èélòó ni ilé, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé aago mélòó ni n óò máa rí Fàtímọ́.

Dẹ́rẹ́bà ọ́fíìsì wa, bàbá àgbàlagbà kan, ló là mí lójú. Wọ́n ní, “Ìyá Fàtímọ́, ẹ yé wá àdúgbò kiri. Ẹ wo ibi tí rélùwéè ti ń dúró, kí ẹ wá ilé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.” Rélùwéè aláwọ̀ búlúù yìí bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò lóṣù kẹsàn-án 2023, láti Máìlì Túù dé Márínà, kìlómítà 13. Ibi márùn-ún péré ló ń dúró: Máìlì Túù, Sùúrù-Àlàbá, Orílé, Tíátà, Márínà. Iná mànàmáná ló ń wà á, orí omi ló sì ń gbà wọ Márínà. Aláwọ̀ pupa náà wà, èyí tó ń ti Àgbádó bọ̀, àmọ́ Òyìngbò ló ń parí sí, èèyàn á tún wọkọ̀ kó tó sọdá.

Bí mo ṣe dé Orílé nìyẹn. Bí mo bá wọkọ̀ láàárọ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ Yásínì, mi ò tíì ní kà á tán tí a ó fi dé Márínà. Mo tún máa wọ bọ́ọ̀sì kan sí Victoria Island. Láti ẹnu ilẹ̀kùn mi dé orí àga mi, wákàtí kan ó lé díẹ̀ ni. Agogo mẹ́fà àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ìjẹta, ilé ni mo wà, mò ń gé ilá. Mo jókòó, mi ò mọ ohun tí n óò fi àsìkò yòókù ṣe.

Ó yá, ìṣirò. Yàrá kan àti pálọ̀, ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ tèmi nìkan, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Owó ilé ọdún kan, ₦800,000. Àgírímẹ́ǹtì, ₦80,000. Kọ̀míṣọ̀n, ₦80,000. Kọ́ṣọ̀n, ₦50,000, èyí tí wọ́n ní àwọn á dá padà tí mo bá ń kó lọ, ẹ jẹ́ ká máa wò ó. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦1,010,000. Tèmi níbẹ̀ ₦560,000, tiyín ₦450,000. Mo fi ẹ̀dà rìsíìtì méjèèjì sínú àpòòwé yìí.

Ọdún méjì ni àgéńtì kọ́kọ́ bèèrè. Mo sọ fún un pé òfin ayálégbé tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 ní onílé ò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé lọ́yà ni mí ni. Mo ní rárá, akáǹtáǹtì ni mí, a burú ju lọ́yà lọ. Ó gba ọdún kan. (Ẹ wá gbọ́ èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín: òfin náà yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀. Ibi tí owó ilé ti ń gba ẹ̀mí èèyàn gan-an lòfin ò dé.)

Mi ò ní purọ́ fún yín pé ibí yìí tutù. Ọjà àwọn tó ń ta nǹkan ìkọ́lé ló wà níwájú wa. Kí ìrun àsùbáà tó parí, wọ́n á ti máa já irin kalẹ̀ látinú tírélà, ìró rẹ̀ á máa dún bí ìgbà tí ọ̀run ń ya. Aṣọ funfun ò ṣe é sá, sìmẹ́ǹtì ni yóò bá a wọlé. Òjò ńlá náà máa ń mú ojú ọ̀nà wa kún, ìdí tí mo fi fi dandan lé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nìyẹn. Ìyá onílé tó ń gbé nísàlẹ̀, tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, ń ti géètì ní agogo mẹ́wàá alẹ́ géérégé, kò sì sí ẹ̀bẹ̀. Èyí wù mí. Mo wo ẹ̀yìn gbogbo kọ́tìnì wọn kí n tó sanwó, wọ́n sì dúró, wọ́n ń wò mí. Wọ́n ní, “Ìwọ ti dé Àjáh.”

Ilé ìwé tí mo fẹ́ fi Fàtímọ́ sí ò ju títì kejì lọ. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án, ni kí ẹ mú un bọ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n já yín sílẹ̀ ní Bágà, ẹ ní kí wọ́n gbé yín dé Ọ̀jọ́ta, abẹ́ afárá ẹlẹ́sẹ̀ ni n óò ti dúró. Ẹ má gbé ẹrù lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, bó ti wù kó pè yín ní Àǹtí tó. Ẹ bá mi mú ẹ̀lùbọ́ díẹ̀ àti irú, tibí ò lóòórùn. Láti ìparí oṣù kẹsàn-án, ₦50,000 ni n óò máa fi ránṣẹ́ sí yín lóṣooṣù, á fi jẹ́ pé ní oṣù karùn-ún ọdún tó ń bọ̀ ó ti pé. Ẹ má ní kí n fi sílẹ̀ o, mo mọ̀ pé ẹ ó sọ bẹ́ẹ̀.

Ìyá ńkọ́? Ẹ bá mi rọra sọ ọ́ fún wọn. Tí ọ̀rọ̀ Áílàǹdì náà bá ṣì ń wù wọ́n sọ ní àsàlátù, kí wọ́n sọ pé Áílàǹdì ni mo ti ń jẹun ọ̀sán. Òótọ́ ni yẹn.

Dẹ́rẹ́bà tó mú lẹ́tà yìí wá ń padà bọ̀ ní ọjọ́ Ọjọ́rú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi òwú wọn ẹsẹ̀ Fàtímọ́ fún mi, láti gìgísẹ̀ dé orí àtàǹpàkò, kí ẹ so kókó sí ibi tó bá parí, kí ẹ sì kó òwú náà fún un. Mo ti rí bàtà ilé ìwé kan tó dáa ní Ìdúmọ̀tà, ìyá tó ń tà á sì ti bá mi gbé e sápá kan.

Àbúrò yín,
Bàṣírá.