Lẹ́tà Ẹ̀sùn Lórí Ooru Ọ́fíìsì Wa àti Èsì Tí Ilé-iṣẹ́ Yín Fún Wa

Òkè-Ìléwó,
Abẹ́òkúta.

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ilé-iṣẹ́ Alábòójútó Ilé Wa.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. N kò ní tún ìtàn ẹ̀rọ amúlétutù àjà kejì rò láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí gbogbo ìwé tí a ti kọ wà nínú fáìlì yín, àfi bí ẹ bá ti sọ ọ́ nù pẹ̀lú àwọn ìlérí tí ẹ ṣe lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ yín tó ń gba ìpè sọ sí mi lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá ló mú mi kọ̀wé sí ẹ̀yin gan-an.

Ọ̀sán ni mo pè, nígbà tí oòrùn ti ń gba ojú gíláàsì wọlé tààrà, tí akọ̀wé wa sì ń fi páálí fáìlì fẹ́ ara rẹ̀. Arábìnrin náà jẹ́ kí n rojọ́ tán, ó rẹ́rìn-ín, ó ní bí ooru bá ń mú wa tó bẹ́ẹ̀, kí a kó tábìlì wa lọ sí abẹ́ Òkè Olúmọ, pé atẹ́gùn wà níbẹ̀. Kí n tó la ẹnu, ó ti gé ìpè. Òótọ́ ni pé abẹ́ àpáta náà ni àwọn baba ńlá wa sá sí ní 1830, ṣùgbọ́n Olúmọ kò gba owó ìtọ́jú ilé lọ́wọ́ wọn.

Ẹ kọ́kọ́ ní ẹnjiníà ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tí kò wá, ẹ ní ó ń retí ẹ̀yà ẹ̀rọ láti Èkó. Nígbà tí ẹ̀yà dé, ẹ ní ẹ̀ka ìnáwó kò tíì fọwọ́ sí i. Ẹ̀ka ìnáwó ní kí a padà sọ́dọ̀ ẹnjiníà. Ìgbà tí ó wá yọjú, kò ju pé ó tẹ ẹ̀rọ adíwọ̀n ooru tó wà lára ògiri, tó ń darí amúlétutù, sí ìwọ̀n 16, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì ni adíwọ̀n yìí wà, ooru ẹ̀rọ náà ló ń gbọ́, kò sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbòmíràn. Nítorí náà ni àwọn tó jókòó sábẹ́ ihò atẹ́gùn ṣe ń wọ súẹ́tà, tí àwọn ẹ̀gbẹ́ gíláàsì tí kò ṣeé ṣí ń làágùn, tí amúlétutù kò sì sinmi.

Àwa la sì ń san owó iná rẹ̀. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024, tí iye yúnìtì kan fún àwa tó wà ní Band A, ìpele àwọn tó yẹ kó máa rí iná jù, ti fò láti nǹkan bí ₦68 sí ₦225, kò sẹ́ni tó ń fi iná ṣeré mọ́. Bí ẹ bá fọ àsẹ́ ẹ̀rọ náà, tí ẹ ṣí adíwọ̀n kúrò níbẹ̀, tí ẹ sì ṣe ìbòòji síta ojú gíláàsì kí oòrùn má tilẹ̀ wọlé, ìwọ̀n 24 tàbí 25 yóò tó wa.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni mo fún yín láti ṣe ohun mẹ́ta wọ̀nyí, kí arábìnrin yín sì tọrọ àforíjì ní kíkọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a óò dá owó ìtọ́jú ilé tó ń bọ̀ dúró, a ó sì gbé ẹjọ́ yín lọ sọ́dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, lábẹ́ òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018. Agbẹjọ́rò wa ti gba ẹ̀dà lẹ́tà yìí. Ẹ má ṣe pè wá, ẹ kọ̀wé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Alákòóso Ọ́fíìsì, Àjà Kejì.