Kókó Tó Ń Yọ Lára Eegun Ọmọ: Ẹ Wo Ojúgun Òbí Pẹ̀lú

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo kọ ìwé yìí nítorí àwọn ọmọ tí kókó líle ń yọ lára eegun wọn, tí àwọn òbí wọn ń gbé wọn kiri láti ilé teguntegun dé ilé àdúrà, torí pé èmi náà bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Bí ojú ìwé ìlera bá ti dárúkọ kókó, jẹjẹrẹ ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń já sí, bẹ́ẹ̀ èyí tí mò ń sọ yìí kì í ṣe jẹjẹrẹ.

Ọmọkùnrin wa kò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ nígbà tí ìyá rẹ̀ ń wẹ̀ ẹ́, tí ọwọ́ rẹ̀ kan ohun kan tó le bí èkùrọ́ nísàlẹ̀ orúnkún rẹ̀, lápá inú. Kò pupa, kò gbóná, ọmọ kò sì ké nígbà tí a tẹ̀ ẹ́. Màmá mi ní kí a máa fi òrí wọ́ ọ. Oṣù mẹ́ta ni a fi wọ́ ọ, àfi ìgbà tí òmíràn yọ lọ́rùn ọwọ́. Teguntegun kan sín gbẹ́rẹ́ yí orúnkún náà ká, ó ní eegun tó yẹ̀ ni. Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ tí a gbé e lọ ní kí n lọ wá owó wá kí àwọn gé gbogbo rẹ̀ dànù lẹ́ẹ̀kan, láìya àwòrán eegun kankan, mo sì ti fẹ́ẹ̀ ta ọ̀kadà mi kí ẹnì kan tó darí wa sọ́dọ̀ dókítà eegun.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi rí ni dókítà yìí kọ́kọ́ sọ: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká ṣòkòtò yín sókè.” Ó fi àtàǹpàkò tọ ojúgun mi lọ sókè, ó dúró níbì kan lábẹ́ orúnkún, ó wá wò mí lójú. Kókó wà níbẹ̀. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n, bọ́ọ̀lù ni mo rò pé ó fà á.

Hereditary multiple exostoses ni àwọn dókítà ń pe àìsàn náà. Nǹkan bí ẹnì kan nínú 50,000 ló ní in. Àbùkù nínú ọ̀kan lára jíìnì méjì (ohun inú ara tí ọmọ ń jogún lára òbí) tí wọ́n ń pè ní EXT1 àti EXT2 ló sábà máa ń fà á. Kò dà bí ẹ̀jẹ̀ SS, tó jẹ́ pé ọmọ gbọ́dọ̀ gbà á lára bàbá àti ìyá. Òbí kan péré ti tó, ọmọ kọ̀ọ̀kan tí irú òbí bẹ́ẹ̀ bá sì bí, ìdá 50 nínú 100 ni ó ṣeé ṣe kí ó ní in. Síbẹ̀, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá àwọn tó ní in ni kò jogún rẹ̀ lára òbí kankan, nítorí náà kí ẹbí ọkọ má ṣe tìtorí kókó fẹ̀sùn kan ìyàwó ilé.

Àwòrán eegun lásán ló sábà máa ń fi í hàn. Dókítà fi tọmọ mi hàn mí: kókó náà kò lẹ̀ mọ́ eegun bí ẹrẹ̀ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ògiri, ara eegun gan-an ló ti yọ, mùdùnmúdùn kan náà ló so wọ́n pọ̀, eegun rírọ̀ sì bo orí rẹ̀. Ìtòsí ibi tí eegun ọmọ ti ń gùn ló ti máa ń yọ, ìdí nìyẹn tí ó fi ń dàgbà bí ọmọ ṣe ń dàgbà, tí ó sì ń dúró nígbà tí ọmọ bá dẹ́kun gíga.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn òbí gbọ́ jù ni pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni à ń gé. Èyí tí kò dun ọmọ, tí kò sì dí i lọ́wọ́, ṣíṣọ́ là ń ṣọ́ ọ. Bí wọ́n bá sáré gé e lára ọmọ kékeré, ó lè tún hù, ọ̀bẹ sì lè ba ibi tí eegun ti ń gùn jẹ́. Ṣùgbọ́n kí a má rò pé ṣíṣọ́ túmọ̀ sí kí a jókòó sílé. Kókó tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìta orúnkún lè tẹ iṣan tí ọpọlọ fi ń pàṣẹ fún àtẹ́lẹsẹ̀ láti gbé sókè, ọmọ á wá máa wọ́ ìka ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀kan nínú eegun méjì tó wà ní apá lè kúrú, kí èkejì wọ́. Ẹsẹ̀ lè di K-leg. Bí èyí bá bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọmọ ṣì ń ga, dókítà lè fi irin pẹlẹbẹ kékeré di ẹ̀gbẹ́ kan eegun mú kí ẹ̀gbẹ́ kejì lè bá a dọ́gba, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti ga tán, ọ̀nà yẹn ti dí. Gígé eegun kí wọ́n tó tún un tò ló kù.

Kò sí oògùn kankan tó ń yọ́ kókó yìí, ohun yòówù kí àwọn alágbo máa polówó lórí rédíò. Àwọn òyìnbó pàápàá dán oògùn kan tí wọ́n ń pè ní palovarotene wò, àmọ́ ní 2019 ni àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 mọ́, nítorí àwọn ọmọ kan tó lò ó tí ibi tí eegun wọn ti ń gùn tètè dí. Ní ti jẹjẹrẹ, díẹ̀ ni ó ń yí padà sí i, àgbàlagbà ló sì sábà máa ń ṣe: bí kókó bá tún ń wú lẹ́yìn tí ènìyàn ti dẹ́kun gíga, tàbí tó ṣàdédé ń dunni, kí a má fi ṣeré. Èmi gan-an wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́sàn-án báyìí. Kókó kan ni wọ́n tíì gé lára rẹ̀, èyí tó wà lọ́rùn ọwọ́. Ọdọọdún ni wọ́n ń wọn apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún méjì, a kò sì tíì rí nǹkan kan lára rẹ̀. Bí ìyá rẹ̀ bá ń wẹ̀ ẹ́ lálẹ́, mo máa ń rí i tí ó ń fi àtàǹpàkò tọ ojúgun ọmọ náà lọ sókè, díẹ̀díẹ̀, títí dé orúnkún.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Bàbá ọmọ kan,
Ìbàdàn.