Ẹgbẹ́ apínfáìlì tó tilẹ̀kùn kò tíì bọ́ lọ́wọ́ oníjìbìtì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí síwájú àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ aládàáni tó ń pín fáìlì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti àwọn alábòójútó wọn pàápàá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé nígbà tí kò ti sẹ́ni tó lè wọlé láìjẹ́ pé wọ́n pè é, ewu ti tán. Ìgbàgbọ́ yìí ni kì í jẹ́ kí alábòójútó wádìí, òun náà ni kì í jẹ́ kí ọmọ ẹgbẹ́ ṣọ́ra.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣírò. BitTorrent, tí Bram Cohen gbé jáde lọ́dún 2001, máa ń gé fáìlì sí wẹ́wẹ́, kí olúkúlùkù lè gba ẹyọ lọ́wọ́ ẹnì kan kó sì fi fún ẹlòmíràn. Nínú ẹgbẹ́ aládàáni, tracker, ìyẹn kọ̀ǹpútà àárín tó ń so àwọn ọmọ ẹgbẹ́ pọ̀, ló ń kọ iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbà àti iye tó fúnni sílẹ̀. Ẹni tó gba gígábáìtì 10 tó sì fúnni ní 5, ratio rẹ̀ (iye tó fúnni tí a fi iye tó gbà pín) jẹ́ 0.5, bó bá lọ sílẹ̀ ju ohun tí òfin ẹgbẹ́ sọ lọ, wọ́n lè lé e. Àmọ́ fáìlì kì í gba ọ̀dọ̀ tracker kọjá rárá. Áàpù orí kọ̀ǹpútà ọmọ ẹgbẹ́ ló ń jíṣẹ́ fún un látìgbàdégbà, lọ́pọ̀ ìgbà ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú síra, pé iye báyìí ni mo gbà, iye báyìí ni mo fúnni. Tracker á sì kọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ. Ẹni tó bá ní áàpù tó ń parọ́ lè di ọlọ́làwọ́ nínú ìwé láìfún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Ẹ̀yin alábòójútó, irọ́ yìí ṣeé mú. Lábẹ́ torrent kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ohun kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń pín, ẹ ro gbogbo ohun tí àwọn èèyàn sọ pé àwọn fúnni pọ̀, kí ẹ fi wé gbogbo ohun tí wọ́n sọ pé àwọn gbà. Kò ní dọ́gba géérégé, torí àwọn ẹyọ kan máa ń bàjẹ́ lójú ọ̀nà, kọ̀ǹpútà àwọn mìíràn sì máa ń kú kí wọ́n tó jíṣẹ́ ìkẹyìn. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ní òun fúnni ní gígábáìtì 40 níbi tí gbogbo àwọn yòókù ti gba 3 péré, ọ̀rọ̀ ti hàn. Ẹ wo ìyára náà: gígábáìtì 18 láàárín ìṣẹ́jú 30 jẹ́ mẹ́gábáìtì 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣé ìlà íntánẹ́ẹ̀tì ẹni náà gbé e? Ẹ tún ṣọ́ ẹni tó ń sọ pé òun ń fúnni nígbà tí kò sí ẹni tó ń gbà. Èyí tó dá mi lójú jù ni pé kí alábòójútó fi áàpù tirẹ̀ kàn sí ẹni tí wọ́n fura sí, kó béèrè ẹyọ kan lọ́wọ́ rẹ̀. Irọ́ lásán kò ní ẹyọ tó lè fi ránṣẹ́.

Ìṣirò àròpọ̀ nìkan kò tó o. Àwọn méjì lè gbìmọ̀ pọ̀: ọ̀kan á ní òun fúnni, èkejì á ní òun gbà, gbogbo rẹ̀ á sì dọ́gba. Ìgbà tí ẹgbẹ́ bá kéde pé gbígba fáìlì kò ní dín ratio ẹnikẹ́ni kù ni irú èyí máa ń dùn wọ́n ṣe jù, torí ẹni tó ń ní òun gbà kò pàdánù nǹkan kan. Ẹ wá orúkọ méjì tó ń fìgbà gbogbo pàdé ara wọn. Kí ẹ má sì lé ẹnikẹ́ni nítorí àmì kan ṣoṣo. Ẹni tó háyà sáfà (kọ̀ǹpútà orí íntánẹ́ẹ̀tì) tó yára lè dà bí òpùrọ́ lójú ìṣirò.

Ní ti ọmọ ẹgbẹ́, passkey, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ tí tracker fi ń dá olúkúlùkù mọ̀, ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣọ́. Ó sábà máa ń jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 32, inú àdírẹ́sì tracker tó wà nínú fáìlì torrent, ìyẹn fáìlì kékeré tí áàpù fi ń bẹ̀rẹ̀ gbígbà, ló sì wà. Ẹni tó bá fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́, orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n máa ka ohun tí ọ̀rẹ́ bá gbà sí. Àwòrán ojú áàpù tí àdírẹ́sì tracker hàn nínú rẹ̀ náà ti tú àṣírí. Àdírẹ́sì RSS ẹgbẹ́, èyí tó ń sọ fún áàpù nípa torrent tuntun, sábà máa ń gbé irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ dání, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí àwọn tó ń lo qBittorrent, ọ̀kan lára àwọn áàpù BitTorrent, fetí sílẹ̀: láti 2010 títí ẹ̀yà 5.0.1 fi jáde ní oṣù Kẹwàá 2024, áàpù náà kì í yẹ ìwé ẹ̀rí sáfà, èyí tó ń fi hàn pé sáfà náà kì í ṣe ayédèrú, wò nígbà tó bá ń gba irú nǹkan bíi RSS, nítorí náà ẹni tó bá dúró lójú ọ̀nà lè dá a lọ́nà. Ẹ gba ẹ̀yà tuntun.

Ojú ìwé tí wọ́n fi ń darí áàpù náà láti ọ̀nà jíjìn burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹ̀yà 4.6.1 tó dé, admin ni orúkọ, adminadmin sì ni pásíwọ́ọ̀dù tó bá a wá, ọ̀pọ̀ kò sì yí i padà. Ẹni tó bá wọlé síbẹ̀ lè pàṣẹ pé kí kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ èyíkéyìí tó bá wù ú bí fáìlì kan bá ti parí. Ẹ yí pásíwọ́ọ̀dù náà, kí ẹ má ṣí ojú ìwé ọ̀hún sílẹ̀ fún gbogbo ayé. SSH tàbí VPN, ìyẹn ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tí àwọn ẹlòmíràn kò lè yọjú sí, ni kí ẹ gbà wọ̀ ọ́.

Kí ẹ má sì ra ìpè tí wọ́n fi ń wọ ẹgbẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àkọsílẹ̀ ẹni tó pe ẹnì kọ̀ọ̀kan wà. Bí wọ́n bá mú ẹni tó tà á, wọ́n lè gé gbogbo àwọn tó pè kúrò.

Bí passkey bá ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹ lọ sí ojú ìwé àkáǹtì yín kí ẹ gba tuntun. Ti àtijọ́ á kú lójú ẹsẹ̀, gbogbo torrent ẹgbẹ́ náà tó wà nínú áàpù yín á sì máa fi àṣìṣe hàn, títí ẹ ó fi fi àdírẹ́sì tracker tuntun rọ́pò ti tẹ́lẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ ṣe é lọ́jọ́ náà gan-an.

Èmi ni òǹkàwé yín.