Ìkéde: Sọ́míìlì Ọ̀kan Nínú Wa Ti Dé Inú Ìwé Ìròyìn

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ onípákó Iléṣà, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìfaradà ọ̀rọ̀ iná mànàmáná.

Ìwé ìròyìn àwọn oníṣẹ́ igi ti gbé ìròyìn sọ́míìlì kékeré tó wà lọ́nà Òṣú jáde, tòun ti fọ́tò. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀.

Kì í ṣe ẹ̀rọ ló wu àwọn oníròyìn, bí àwọn ará sọ́míìlì náà ṣe ń to pákó ni. Tí wọ́n bá la igi arère tàbí igi afárá tán, wọn kì í kàn tò ó léra lásán. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń fi sáàárín pákó kan sí èkejì kí atẹ́gùn lè ráyè kọjá, lábẹ́ òrùlé tí òjò kò dé. Wọ́n á tún fi ọ̀dà kun orí àti ìdí pákó kó má baà sán. Pákó tó nípọn tó íǹṣì 1 lè gba ọ̀pọ̀ oṣù kó tó gbẹ dáadáa. Ta ló ní irú sùúrù yẹn nínú wa, nígbà tí oníbàárà ti dúró sẹ́nu géètì? Bẹ́ẹ̀ pákó tútù ló ń mú ìlẹ̀kùn lọ́, kápẹ́ńtà sì ni wọ́n á bú.

Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìpàdé, gbogbo wa ó lọ bá wọn yọ̀. Aṣọ ẹgbẹ́ ni kí ẹ wọ̀. Ẹ̀dà ìwé náà wà lọ́wọ́ akápò. Ẹni tó bá fẹ́ kà á, kó kà á níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má gbé e lọ sílé.

Akọ̀wé ẹgbẹ́