Ọdún 1780 tó wà lára owó yẹn kì í ṣe ọjọ́ orí rẹ̀

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ka lẹ́tà obìnrin tó kọ̀wé sí yín láti Òṣogbo nípa owó fàdákà ńlá tí bàbá rẹ̀ mú bọ̀ láti Mẹ́kà láyé ọjọ́un. Ó ní orí obìnrin kan wà lójú rẹ̀, idì olórí méjì wà lẹ́yìn, 1780 sì wà lára rẹ̀ gàdàgbà. Ó ní ẹnì kan lórí Facebook sọ fún òun pé owó tó ti lé ní igba ọdún ni, pé ó tó ra mọ́tò, kí òun ṣáà kọ́kọ́ san owó ìforúkọsílẹ̀. Ẹ dá a lóhùn pé kó ṣọ́ra fún gbájúẹ̀. Òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ìdáhùn yẹn kò kún tó. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fún mi láyè díẹ̀. Iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ fàdákà ni mo ń ṣe nítòsí Ọjà-Ọba ní Ìlọrin níbí, ọwọ́ bàbá mi ni mo ti kọ́ ọ, owó yìí gan-an sì wà lára ohun tí wọ́n máa ń yọ́ fi rọ ẹ̀gbà àti òrùka nígbà tí mo ń fẹ́ná fún wọn.

Maria Theresa lorúkọ obìnrin ojú owó náà. Òun ló ń ṣàkóso ilẹ̀ Austria, oṣù kọkànlá ọdún 1780 ló sì kú. Nígbà tó kú tán, àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Lárúbáwá, ti Etiópíà àti ti gbogbo agbègbè Òkun Pupa ò fẹ́ gba owó mìíràn. Orí obìnrin yìí ni wọ́n mọ̀, òun ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Ni àwọn ará Austria bá ń rọ ọ́ lọ, wọn ò sì yí ọdún ara rẹ̀ padà. Nígbà tó di ọdún 1858, wọn ò ná an mọ́ nílẹ̀ Austria fúnra rẹ̀, síbẹ̀ wọn ò yéé rọ ọ́ fáwọn oníbàárà òkèèrè. Nígbà tí Mussolini, olórí ìjọba Ítálì, ń múra àtigbógun ti Etiópíà lọ́dún 1935, ó gba irin tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ Austria, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ́ ní Róòmù. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ò jókòó máa wò wọ́n, àwọn náà rọ tiwọn ní London, wọ́n tún rọ ọ́ ní Bombay àti Birmingham. Paris àti Brussels náà rọ ọ́. Lónìí tí mò ń kọ̀wé yìí, wọ́n ṣì ń rọ ọ́ ní Vienna. Gbogbo wọn pátá, 1780 ló wà lára wọn.

Nítorí náà, bí alhaji kan bá mú un bọ̀ láti Mẹ́kà láyé àwọn bàbá wa, ó ṣeé ṣe dáadáa kí alhaji fúnra rẹ̀ dàgbà ju owó náà lọ.

Mi ò sọ pé kò sí èyí tó pẹ́ láàárín wa o. Ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Heinrich Barth dé Kánò lọ́dún 1851, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé 2,500 owó ẹyọ ni wọ́n ń ṣẹ́ owó fàdákà yìí kan sí níbẹ̀. Èyí tó bá ti dé ilẹ̀ Haúsá láti ìgbà náà lè ti bá àwọn oníṣòwò dé ọ̀dọ̀ wa. Àmọ́ ọdún tó wà lára rẹ̀ kọ́ ni yóò sọ fún wa.

Kí arábìnrin wa kọ́kọ́ lọ bá oníwúrà tó ní síkéèlì tó péye, kó gbé owó náà lé e. Gíráàmù 28 àti díẹ̀ ló yẹ kó wọ̀n. Bí wọ́n bá ti ná an gbó, ó lè dín díẹ̀, àmọ́ bó bá wọ̀n 24, kó yáa gbàgbé. Kó mú mágínẹ́ẹ̀tì sún mọ́ ọn. Fàdákà kì í lẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà kó wo etí owó náà, ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò rárá. Ọ̀rọ̀ Látìnì, IUSTITIA ET CLEMENTIA, ló yẹ kó yí i ká. Bí etí bá dán borokoto láìsí ọ̀rọ̀ kankan, ayédèrú ni. Lábẹ́ èjìká obìnrin náà, S.F. ló máa ń wà níbẹ̀, àmì bí X kékeré sì máa ń tẹ̀ lé 1780. Láyé ọjọ́un, àwọn oníṣòwò Lárúbáwá a tiẹ̀ máa ka ìlẹ̀kẹ̀ tó yí ohun ọ̀ṣọ́ èjìká rẹ̀ ká, kó pé mẹ́sàn-án, kí wọ́n tó gbà á.

Bó bá yege níbẹ̀, ó ku ká mọ bó ṣe gbó tó. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lọ́wọ́ àárọ̀, kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀. Ibi tó ga jù lára owó ló máa ń kọ́kọ́ jẹ: irun tó wà lókè etí obìnrin náà, aṣọ èjìká rẹ̀, àti ìyẹ́ idì ẹ̀yìn. Bí ẹ bá ṣì rí ìyẹ́ yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí dídán kan sì ń yí lọ yí bọ̀ láàárín àwọn lẹ́tà bí ẹ ṣe ń yí owó náà, wọn ò ná an púpọ̀. Bí ìyẹ́ idì bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ọwọ́ púpọ̀ ló ti gbà á kọjá.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ pariwo: ẹ má fọ̀ ọ́! Oníbàárà kan gbé irú rẹ̀ wá, ó ti fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ ha á títí ó fi ń kọ mọ̀nà bí ìkòkò àṣè. Lójú rẹ̀, ó ti tún un ṣe. Nígbà tí mo fi awò wò ó, ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ti bo gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ Maria Theresa, irú èyí tí kò ní kúrò níbẹ̀ láé. Ẹni tó ń kó owó àtijọ́ jọ kò ní fọwọ́ kàn án mọ́, iye fàdákà rẹ̀ nìkan ló kù. Bákan náà ni èyí tí wọ́n lu ihò sí láti fi ṣe ẹ̀gbà ọrùn.

Iye fàdákà ọ̀hún ńkọ́? Nínú ìpín 1,000, 833 ni fàdákà pọ́ńbélé, bàbà ni ìyókù. Ìyẹn jẹ́ gíráàmù 23 àti díẹ̀, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin áúnsì kan, ìyẹn ìwọ̀n bíi gíráàmù 31 tí wọ́n fi ń ta fàdákà. Kó wo iye tí áúnsì fàdákà ń lọ lọ́jọ́ tó bá fẹ́ tà á, kó pín in sọ́nà mẹ́rin, kó mú mẹ́ta. Fún èyí tí wọ́n rọ ní bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, owó tó máa rí kò ní fi bẹ́ẹ̀ ju ìyẹn lọ. Kò tó ra mọ́tò rárá. Àwọn iléeṣẹ́ kan wà ní Amẹ́ríkà tó máa ń fún owó àtijọ́ ní máàkì láti 1 dé 70, tí wọ́n á sì lẹ̀ ẹ́ pa sínú ike. Fún irú èyí, owó iṣẹ́ wọn àti ti ìfiránṣẹ́ lè jẹ gbogbo èrè tán.

Èyí tí wọ́n rọ nígbà ayé obìnrin náà tàbí láìpẹ́ sí ikú rẹ̀ ló ń pa owó gidi, ó sì gba ẹni tó mọ ìyàtọ̀ ìyẹ́ àti ìrù idì wọn dáadáa. Ìdí nìyẹn tí èmi ò fi í yọ́ ọ mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ẹgbẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé fàdákà ni fàdákà ń jẹ́.

Ẹ bá mi sọ fún un kó ya fọ́tò ojú, ẹ̀yìn àti etí owó náà nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kó kọ ìwọ̀n rẹ̀ mọ́ ọn, kó sì fi ránṣẹ́ sí yín. Màá bá a wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni Facebook yẹn ò tíì béèrè bó ṣe wọ̀n tó, owó ìforúkọsílẹ̀ ló ń béèrè.

Èmi ni tiyín,
Alágbẹ̀dẹ fàdákà kan, Ìlọrin