Ọrùn tó ṣàdédé wọ́, oògùn ló fà á

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi sọ fáwọn tí èèyàn wọn ń lo Haloperidol, oògùn àìsàn ọpọlọ, pé tọ́rùn ẹ̀ bá ṣàdédé wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tójú yí sókè, tí ahọ́n le, oògùn yẹn ló sábà máa ń fà á, kì í ṣe àwọn ayé, kí wọ́n sáré gbé e lọ sọ́sìbítù torí abẹ́rẹ́ wà tó ń tú u kíákíá. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń gbé e lọ (mi ò bá àdúrà jà o), wọ́n á wá da oògùn nù, àìsàn ọ̀hún á sì padà dé. Dókítà lè dín oògùn náà kù, ó sì lè pààrọ̀ ẹ̀. Ọtí ńkọ́? Kó má fẹnu kàn án rárá.

Nọ́ọ̀sì kan, Abẹ́òkúta